Ibà Tó Mú Fíríìjì Ìyá Mútíù

Ta nínú yín ló lè sọ ohun tó bí òwe táwọn àgbà máa ń pa pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Ẹ má wo ojú ara yín. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá yín ni, ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni. Ọ̀rọ̀ ẹran ni, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹran Iléyá ni, àti ti fíríìjì kan tí ibà mú ní Òkè-Ayùn.

Mo gbọ́ ọ o, ìwọ tí ò ń kùn lẹ́yìn pé òwe náà ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o wà níbẹ̀ ni? Èmi wà ní Òkè-Ayùn, nítorí náà gbẹ́nu dákẹ́ kí o gbọ́ ìtàn.

Mútíù ló ra fíríìjì náà fún ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ó funfun báláú, ó ga ju Bàbá Kásúmù lọ, Bàbá Kásúmù sì ni olórí agboolé wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ki okùn rẹ̀ bọ ara ògiri, gbogbo wa la dúró ní pálọ̀, a ń wò ó. Ìyá Mútíù gbé abọ́ omi sínú rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, omi ti di òkúta. Mo fọwọ́ kàn án, ó ta mí lọ́wọ́ bí iná. Títí di òní tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí. Iná ni wọ́n fún un jẹ, òtútù ló ń bí! Ẹ rò ó wò ná. Bàbá Kásúmù ṣí fìlà fún un, ó ní ọba nìkan lòun ti ń ṣí fìlà fún rí.

Nígbà tí Iléyá dé, orí Ìyá Mútíù wú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti pa àgbò tán, tí a ti ṣe sàárà, àwọn obìnrin á dáná, wọ́n á máa dín ẹran, wọ́n á máa yan án, èéfín á sì sọ ojú wọn di pípọ́n, nítorí ẹran tí kò bá rí iná yóò rà ni. Lọ́dún náà, Ìyá Mútíù dúró sí àárín agboolé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà iná dídá. Kí oníkálukú kó ẹran tútù rẹ̀ wá, fíríìjì òun gba gbogbo rẹ̀.

Wọ́n kó o wá lóòótọ́, oníkálukú fi ọ̀rá dúdú wé tirẹ̀. Bàbá Kásúmù gbé odidi itan àgbò wá. Ìyá Wúlẹ̀ tó jẹ́ ìyálé Ìyá Mútíù ló dé kẹ́yìn. Ẹ má fi Ìyá Wúlẹ̀ ṣeré o. Bó bá sọ èèyàn lórúkọ, orúkọ náà kì í bọ́ mọ́. Òun ló sọ ọkùnrin kan ní Gbàgbé-Ṣòkòtò nígbà kan, ilé Gbàgbé-Ṣòkòtò ni wọ́n sì ń pe ilé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ó ní, "Ìyá Mútíù, ẹran mi rèé o. Bó bá rà, Ìyá Ẹran-Rà ni n ó máa pè ọ́, orúkọ yẹn náà ni wọn yóò sì pè tí wọ́n bá gbé ọ dé ẹnu sàréè."

"Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ìyá Mútíù wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ki ẹran bọ inú fíríìjì náà títí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bó sì ti jẹun yó tán báyìí ni ara rẹ̀ yí padà. Ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, òógùn bò ó lójú. Ìyá Mútíù fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, ó tutù. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná. Ẹ̀yin tí ibà ti mú rí, ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí iwájú rẹ̀ tutù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná, kí ló ń ṣe é? Ẹ ṣeun. Ohun tí gbogbo wa wí nìyẹn.

Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lásìkò náà, ètè gbogbo wa ti bó. Ìyá Mútíù tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ rẹpẹtẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìtọ́jú ibà. Ó mú kúbùsù tó nípọn jù nínú ilé, ó fi wé fíríìjì láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, a jọ tì í mọ́ ògiri kí atẹ́gùn má baà gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kíkùn rẹ̀ ti ju ti àná lọ. Bàbá Kásúmù wọlé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó dijú, ó mi orí.

"Ibà inú egungun ni," ló wí. "Aṣọ yìí kò tó o."

Ó bọ́ agbádá òfì ọrùn rẹ̀, ó dà á bò ó. Ìròyìn kan gbogbo agboolé pé ara ẹni tó gbé ẹran wa síkùn kò yá. Ẹ wá wo bí wọ́n ti ń kó aṣọ bọ̀! Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹran òun wà níbẹ̀, aṣọ òun kò sí níbẹ̀. Ìyá Wúlẹ̀ tú àlàárì tó wọ̀ wọlé ọkọ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹnì kan fi òrí pa á lórí. Bí èrò ti ń wọlé ni wọ́n ń kí Ìyá Mútíù pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á wò ó sàn," òun náà sì ń dáhùn pé, "Àmín o, kò ní ṣe wá mọ́."

Lọ́sàn-án, bí a ti jókòó yí i ká, fíríìjì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí láyé mi, n kò gbọ́ irú ìyẹn. N kò mọ̀ pé fíríìjì náà ń bá wa sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tó dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

Ẹnì kan ní bóyá iná ló lọ. A gbójú sókè, gílóòbù ń tàn yanran. A yọ okùn rẹ̀ lára ògiri, a tún kì í bọ̀ ọ́, kò fọhùn. Bàbá Kásúmù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti máa ń gbá rédíò rẹ̀, kò fọhùn. Ìyá Mútíù kúnlẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, dákun dìde, má dójú tì mí," kò fọhùn náà ni. Ìyá Wúlẹ̀ ní kí wọ́n ṣí i kí òun wo ẹran òun, Bàbá Kásúmù sì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"A kì í tú ikùn aláìsàn wò!"

Ìyá Wúlẹ̀ ní, "Bàbá wa, ṣé aláìsàn ṣì ni?"

Bàbá Kásúmù fi etí lé e, ó dúró pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ó ti lọ," ló wí.

Ẹkún wá sọ. Mo ti lọ síbi òkú ọlọ́lá, n kò rí ẹkún tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí oníkálukú ló ní òkú tirẹ̀ nínú fíríìjì. Ẹnì kan ń ké, "Ẹ̀dọ̀ mi o!" Ẹnì kan ń ké, "Igẹ̀ àgbò mi o!" Bàbá Kásúmù di ojú méjèèjì pinpin, ó ń ké, "Itan mi! Itan mi!" títí àwọn ará ọ̀nà fi sáré wọlé pé wọ́n ti ṣe bàbá léṣe ní itan. Láàárín ẹkún yìí ni Ìyá Wúlẹ̀ kọ́kọ́ dán orúkọ náà wò.

"Ìyá Ẹran-Rà o! O ṣe mí o!"

Obìnrin méjì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Mútíù gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé kó tó di ọ̀la, àwọn ọmọ kéékèèké yóò ti máa fi orúkọ náà ṣeré. Ó wó síwájú fíríìjì, omijé ń wọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà là sílẹ̀. Bó ti ń sunkún lọ ló rí i tí etí kúbùsù ń mì nísàlẹ̀. Orí kan yọ jáde. Adìẹ ni.

Àgbébọ̀ dúdú kan ló sá fún ọyẹ́ lọ sábẹ́ gbogbo aṣọ wọ̀nyẹn. Ó ti tu ìyẹ́ sílẹ̀ gbàgà, ẹnu rẹ̀ là, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gba àárín àwọn ọlọ́fọ̀ kọjá, ó lọ tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ níta nínú ọyẹ́ tí gbogbo wa ń sá fún.

Ìyá Mútíù ṣì ń sunkún. Ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ rí adìẹ yẹn?"

"Ẹran àgbò ni mò ń sunkún lé, ìwọ ń fi adìẹ hàn mí!" ni Ìyá Wúlẹ̀ wí.

"Òtútù ló lé e wọlé. Kí ló wá lé e jáde?"

Kò dúró gba èsì. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fíríìjì lábẹ́ aṣọ, ó sì fà á yọ pẹ̀lú igbe. "Ooru ni! Ibà kọ́! Ooru la fi ń pa á! Ẹ tú aṣọ lára rẹ̀!"

A tú kúbùsù, a tú òfì, a tú àlàárì. A fà á kúrò lára ògiri. Ẹni tó ní abẹ̀bẹ̀ mú abẹ̀bẹ̀, ẹni tí kò ní fi ìborùn, gbogbo agboolé ń fẹ́ fíríìjì. Bàbá Kásúmù náà ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sunkún lọ láìlajú, ògiri ló ń fẹ́.

A fẹ́ ẹ títí apá ń ro wá. Lójijì, fíríìjì náà mira, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ta ni yóò dúró? Òkú jí! A fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ojú fèrèsé ni Ìyá Wúlẹ̀ gbà jáde, n kò sì tíì mọ bí ìdí rẹ̀ ti gba ibẹ̀ di bí mo ti ń wí yìí. Ìyá Mútíù nìkan ni kò sá. Nígbà tí a fi ń yọ́ wọlé padà, ó ti gbá fíríìjì mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ó ṣí i. Òtútù rú jáde lù wá lójú. Ẹran le gbagidi nínú ọ̀rá, kò sí ẹyọ kan tó rà. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: aṣọ tó fẹ́ pa á láti ẹ̀yìn ló há òtútù mọ́ ọn níkùn. Gbogbo wa la dúró níbẹ̀ tí a ń wo èéfín tútù náà.

Ìyá Wúlẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gbogbo wa la jọ ń sunkún. Báwo lo ṣe rí adìẹ?"

"Ìyá wa," ni Ìyá Mútíù wí, ó ń nu imú, "bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ìyá Wúlẹ̀ la ẹnu láti sọ ọ́ lórúkọ kan. Kò rí ìkankan sọ. Ó pa ẹnu dé. Kò tíì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Òkè-Ayùn.

Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún àìsàn míì. Oníkálukú gbé tirẹ̀, wọ́n lọ dáná. Bàbá Kásúmù tí ojú rẹ̀ ti wú pa tárába ń fọwọ́ tá ọ̀rá kiri, ó gbé èyí tó wúwo jù, ó fi lé èjìká. Ilé ló dé kí ìyàwó rẹ̀ tó tú u: ìfun àti ṣàkì. Bàbá sáré padà, ó ń ké pé ta ló gbé itan òun. Òórùn ló tọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Wúlẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọmọrógùn ro ìkòkò, egungun itan yọrí lẹ́nu ìkòkò náà gànnàkù.

Ìyá Wúlẹ̀ kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bàbá wa," ló wí, "ta ló ní kẹ́ ẹ dijú? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."