Kòtò Tí Alága Dí De Àlejò

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹni tó bá yà sí òpópónà Ìfẹ́dọlá ní Ìgbògbò yóò rò pé òun ṣìnà ni. Fáṣínà, alága àwọn onílé àdúgbò náà, ti fi ọjọ́ mẹ́ta kó yẹ̀pẹ̀ pupa dí gbogbo kòtò, ó ti yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà, ó sì ti ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kí ariwo rẹ̀ má baà dé etí àlejò. Àlejò náà ni Balqees, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Alausa, tó ń wá àdúgbò tí wọn yóò fún ní ọ̀nà ọ̀dà kan ṣoṣo tó kù nínú ètò ọdún yìí. Ọ̀nà yẹn ni Fáṣínà ń fi gbogbo ara fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó rì sínú ẹrẹ̀ ni Bísọ́lá, àbúrò ìyàwó rẹ̀, bímọ sí. Fáṣínà sì gbà, bí gbogbo wa ṣe gbà, pé ẹni tó bá múra dáadáa ni ìjọba ń fún ní nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni Balqees wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, fáìlì rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Ẹ dìde, ẹ dìde, madaamu!" Fáṣínà tó bí i lọ́mọ dáadáa, ṣùgbọ́n káàdì ìjọba tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà ti fi ogójì ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. "Ẹ jókòó. Rárá, ẹ má jókòó sórí ìyẹn. Èyí tó ní tìmùtìmù ni tiyín. Mọ́ọ̀tì rèé, ó tutù. Àwa kì í mu nǹkan gbígbóná níbí."

"Ẹ ṣeun sà. Ṣé kí n máa béèrè ìbéèrè mi?"

"Ẹ béèrè! Alága tó bá ń sá fún ìbéèrè, iṣẹ́ ni kò ṣe."

"Ṣé iná wà ní àdúgbò yín?"

Fáṣínà na ọwọ́ sí fáànù tó ń yí lórí wọn. "Ẹ bi fáànù."

"Mo rí i, sà. Wákàtí mélòó lójúmọ́?"

"Ta ló ń kà á? Ẹni tí fáànù ń fẹ́ kì í wo aago."

"Ṣé kí n kọ mẹ́rìnlélógún?"

"Ẹ kọ ọ́. Bí ọjọ́ bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi kún un."

Balqees kọ ọ́. "Omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? Ẹ wá níbi bí òjò bá rọ̀, inú pálọ̀ ni omi ti ń kí wa." Ẹnu Fáṣínà ti yá jù, ó fẹ́ẹ́ bu ara rẹ̀ jẹ. Ó wúkọ́.

"Omi dé inú ilé," ni Balqees ń sọ bó ṣe ń kọ ọ́. "Ó dáa gan-an. Ọ̀nà yín?"

"Ẹ̀yin náà lẹ gbà á wọlé. Ṣé ọkọ̀ yín jó?"

"Kò jó, sà. Láti Benson ni mo ti ń di ìjókòó mú, àfìgbà tí mo dé òpópónà yín ni mo tó jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Kò lè jó. Mi ò kì í gba ìgbàkugbà fún kòtò. Kòtò tó bá yọjú ní àṣálẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a."

"Tiransifọ́mà tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ta ló gbé e wá?"

Níbí yìí ni Fáṣínà ti ń ṣiyè méjì. Owó ìdáwó àdúgbò ni wọ́n fi rà á, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dá a, Ìyá Kúbúrátù, aládùúgbò wọn, sì ta yẹtí wúrà rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Oore àná ò sí níbẹ̀, Fáṣínà bá dá ọ̀kan sílẹ̀.

"Ìjọba ni," ló wí, ó sì tẹrí ba. "Ìjọba yín ló ṣe é. A ò lè dúpẹ́ tán."

Balqees kọ ọ́, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó pa fáìlì dé. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. "Sà, mo kí yín. Nínú gbogbo àdúgbò tí mo ti wò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni máàkì yín ga jù."

"Mo mọ̀!"

"Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan! Ọjọ́ wo ni katapílà ń bọ̀?"

"Katapílà wo, sà?"

"Tí yóò wá la ọ̀nà wa."

"Háà, rárá o. Àdúgbò tí máàkì rẹ̀ kéré jù là ń fún. Ẹ̀yin ò nílò nǹkan kan. Àdúgbò kan ní Ẹ̀pẹ́ ló máa gbà á."

Fáṣínà wá àga jókòó lé. Èyí tí kò ní tìmùtìmù ló bọ́ sí.

"Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń wọ́ lọ bí èrò Mẹ́kà?"

"Alága wọn ní kò kan àdúgbò tòun."

"Kí ló ṣe tó fi gbà á?"

"Ó sunkún, sà."

"Àgbàlagbà ọkùnrin?"

"Ó sun ún gan-an. Ó mú mi gba inú ẹrẹ̀, bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ di báyìí. Ó fún mi ní àga, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Mo ní kó fún mi lómi, mo rí ẹja nínú ife."

"Apẹja ni gbogbo wọn lẹ́bàá ọ̀sà yẹn! Ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sí i ni!"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo kàn kọ ọ́ pé ẹja wà nínú omi tí wọ́n ń mu."

Fáṣínà di orí mú. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Alága Ẹ̀pẹ́ ṣípá. Òun ń jó níwájú ẹni tó fẹ́ gbé òun, ó ń ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ òun.

"Madaamu, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ kì í wá sọ́dọ̀ tiwa?"

"Wọ́n ní ọ̀nà yín ò dáa."

"Ẹ gbọ́ o! Ọ̀nà wa ò dáa! Ẹ kọ ìyẹn!"

"Kò ṣeé kọ, sà. Ẹ̀yin ti ní ó dáa."

"Kí ló wá dé tí ìjọba ò ti ṣe é látọjọ́ yìí?"

"Torí ilé-iṣẹ́ ò sí níbí."

"Ilé-iṣẹ́ ń retí ọ̀nà, ọ̀nà ń retí ilé-iṣẹ́. Ta ló máa kọ́kọ́ dìde nínú wọn?"

Balqees ṣí fáìlì, ó wá a títí. "Ìbéèrè yẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù, sà."

"Ẹ pa tèmi rẹ́ nígbà náà. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Bíró ni mo fi kọ ọ́. Àfi tí mo bá fi ojú rí ẹ̀rí."

Kò tíì gbẹ́nu sílẹ̀ tí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Fáànù fà sẹ́yìn, ó dúró. Fáṣínà fò dìde bí ẹni tí wọ́n bí àrẹ̀mọ fún.

"Iná lọ! Ẹ wò ó! Ẹ bá mi yọ̀, iná lọ!"

"Ó lè jẹ́ fáànù ló bàjẹ́, sà."

"Ta ló ní fáànù bàjẹ́? Jẹnẹrétọ̀ tí mo yá ni! Oṣù kẹta rèé tí a ti rí iná gidi! Ẹ máa bọ̀."

Ó mú un dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó ní kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà kó rí i bó ṣe gbóná. Balqees fọwọ́ kàn án, ó jó o, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n padà sójú títì. Fáṣínà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gun orí ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

"Sà, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń wá kòtò! Ibí yìí ló wà lánàá!"

Ìgbà kẹta tó fò, ilẹ̀ gbé e mì dé orúnkún.

"Ẹ wò ó! Òun nìyí! Madaamu, mo ti wà nínú ẹ̀!"

Balqees fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n. "Ó jìn o."

"Ẹ dúró, kí n fi ẹsẹ̀ kejì sí i, kó lè jìn dáadáa."

"Ó ti tó, sà. Mo ti kọ iná, mo ti kọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà ló fún yín ní máàkì jù. Ẹ sọ pé ìjọba ló gbé e wá."

"Àwa la rà á."

"Mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ bó bá ti dúró síbẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti dúpẹ́ lórí ẹ̀, ó ti di ti ìjọba."

Inú kòtò ni ọ̀rọ̀ náà bá Fáṣínà. Ó dùn ún. Ó rí Ìyá Kúbúrátù bó ṣe ń tú yẹtí létí lọ́jọ́ yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò dùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ṣé kò sí ọ̀nà àbáyọ rárá?"

"Ọ̀kan wà." Balqees ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó rọra kà á. "'Èmi, alága àdúgbò yìí, jẹ́rìí pé láti ìgbà tí mo ti wà nípò, n kò ṣe ohunkóhun ní àdúgbò mi.' Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, gbogbo máàkì àtẹ̀yìnwá ti parẹ́, ẹ̀yin lẹ máa gba ọ̀nà. Àmọ́ wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì káńsù fún gbogbo ayé láti kà."

Ìbò alága ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́jọ ni Fáṣínà ti lò, ó sì fẹ́ lo mẹ́rin sí i. Fọ́tò rẹ̀ wà lára gbogbo òpó iná láti ibẹ̀ dé Lasunwon, wọ́n kọ "Aṣiṣẹ́-má-sinmi" sí abẹ́ rẹ̀. Gọ́tà tó wà lápá ọ̀tún, òun ló gbẹ́ ẹ. Géètì àdúgbò, òun ni. Ó wo ìwé náà, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rántí igbe Bísọ́lá nínú kẹ̀kẹ́ yẹn.

"Ẹ mú bíró wá."

Ó fọwọ́ sí i láti inú kòtò, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Balqees gba ìwé náà, ó na ọwọ́ fún un kó fi jáde, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é.

"Ṣé ẹ̀rù ìbò ọjọ́ Àìkú ò bà yín, sà? Bí àwọn èèyàn bá ka èyí..."

"Ẹ̀rù kẹ̀?" Fáṣínà gbọn ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó na àyà. "Ẹni tó lo ọdún mẹ́jọ tí kò ṣe nǹkan kan, tó sì rí ìwé ìjọba fi jẹ́rìí sí i, ṣé alága àdúgbò ni irú wa tún ń dù? Madaamu, mo ti tó sẹ́nétọ̀."