Tábìlì Tó Há Sẹ́nu Ọ̀nà Samiratou

"Ẹ fà á! Ẹ fà á, jàre!"

Gbàgà!

Tábìlì há sẹ́nu ọ̀nà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Tìjání, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò Dapoya ní Ouaga, wà níta, òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀. Samiratou ìyàwó ẹ̀ tó ń kígbe wà nínú yàrá. Ìgbéyàwó Firdaus àbúrò ẹ̀ ló ń lọ, ó ti wọ aṣọ bazin tuntun tó le gbandi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá ọ̀hún sì ní!

Madame Honorine tó ń yàwòrán ilé ní àdúgbò Zone du Bois ló gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ tábìlì tó máa to àwọn ilé kéékèèké tó fi páálí kọ́ sí, káwọn èèyàn wá wò wọ́n. Kórí ẹ̀ tín-ín-rín, kídìí ẹ̀ fẹ̀ yàà. Kò gbọdọ̀ níṣòó kankan, gọ́ọ̀mù nìkan! Tìjání ní d'accord, òun gbà. Kí eruku Ouaga má bàa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ara ẹ̀, inú yàrá ló ti kàn án.

Ẹ̀rín ń pa mí o, ẹ jẹ́ n mí!

"Bàbá Hàbíb," Samiratou pe ọkọ ẹ̀, "ṣé ẹ wọn ilẹ̀kùn?"

"Mo wọ̀n ọ́n! Ti bureau, ọ́fíìsì Madame, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n!"

"Tiwa ńkọ́?"

Tìjání bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì.

"Ìyá Hàbíb, jọ̀ọ́, rákòrò gba abẹ́ ẹ̀ jáde."

"Èmi? Nínú bazin? Ṣé orí yín pé ṣá?"

Fìrì, Honorine dé! Ó kígbe, ó káwọ́ lérí. Àwọn àlejò tó fẹ́ wá wo ilé páálí ẹ̀ ti wà lọ́nà. Ló bá fa fóònù yọ: "Ẹ máa bọ̀ ní Dapoya!" Ó kó àwọn ilé páálí jáde nínú mọ́tò ẹ̀, ó tò wọ́n sórí ìdajì tábìlì tó yọ síta.

Kò pẹ́, mọ́tò olówó kún àdúgbò. Àwọn àlejò wo tábìlì, wọ́n wo Samiratou tó káwọ́ gbera lẹ́yìn ẹ̀, tó ń yínmú.

"Magnifique! Iṣẹ́ ọnà gidi!" Bàbá àgbà kan fò sókè. "Obìnrin tí wọ́n há mọ́lé! Ìtumọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀!"

Honorine ń mirí bíi pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Madame," bàbá náà bẹ Samiratou, "ẹ má kúrò níbẹ̀ o. Kó wà bẹ́ẹ̀ fọ́sẹ̀ kan!"

"Ọ̀sẹ̀ kí ni?"

Gbì! Samiratou kúnlẹ̀, ó rákòrò wọ abẹ́ tábìlì. Kràà, kràà, kràà! Bazin gbá gbogbo eruku ilẹ̀. Ó yọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn àlejò, ó fò sórí alùpùpù, ó di ọ̀dọ̀ Firdaus!

Àtẹ́wọ́ sọ wàà.

Bàbá àgbà nu omijé ojú ẹ̀, ó yíjú sí Tìjání.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń ṣe eré yìí lójúmọ́?"