Olè Tí Kò Tíì Dé

Ìyá aránṣọ sáré gòkè láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ yàrá tí ẹ̀rọ eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń kùn. Wọ́n ti jí ogójì ẹṣin tó ní nínú eré náà kó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an sì ni àṣekágbá ìdíje.

"Ọ̀gá, ọdún mẹ́ta ni mo fi sin àwọn ẹṣin yẹn."

Olùtọ́jú ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí fóònù yín gbé jáde, ká fi wọlé."

Ó kà á. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

"Ìdajì ìṣẹ́jú péré ló ń lò. Ẹ ti pẹ́ jù."

"Èmi tí mò ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò?"

Ó tún kà á, wàràwàrà. Ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́. Ọ̀gá bá ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé.

"Mo ti rí olè náà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló wọlé."

Ìyá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú la wà yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olè náà ò tíì dé nìyẹn. Ẹ fún mi ní àga, kí n jókòó dè é."

Ọ̀gá ń họ orí. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ṣe aago ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni. Ó yẹ kó máa bá ti àwọn ẹ̀rọ yòókù dọ́gba, àmọ́ mo sún un síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n má baà máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

"Ọmọ mi, ṣé o kì í wá pẹ́ mọ́?"

"Mo mọ̀ pé ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yá, màmá. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò."

Ọ̀gá yára dá aago padà, nọ́ńbà sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lolè wọlé. Fóònù yín àtijọ́ ló lò, ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n, kì í bi í ní nọ́ńbà."

"Èyí tí mo fún ọkọ mi pé kó máa fi gbọ́ ìròyìn?"

"Wọ́n ti fi gbogbo ẹṣin pààrọ̀ fìlà wúrà kan."

"Òun náà ni. Kò sí fìlà tí kì í wu ọkùnrin yẹn."

"Ẹ má ṣèyọnu. Aago ti tọ́ báyìí, mo lè dá nǹkan padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó wọlé."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ogójì ẹṣin pé pérépéré. Ara tu ìyá, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà, ló bá tún dúró.

"Ọmọ mi, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ṣé ó ṣe é fi ti ìkòkò ọbẹ̀ pa, kí ọkọ mi má baà rí i ṣí?"