Ẹ̀yìn Gbọnrangandan Ògúnlànà

Gabriel Àyìndé Ògúnlànà ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ọmọ bíbí Ìlarò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, olùgbé Ẹ́sítéètì Ìbà, ọkọ Àríkẹ́, àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta péré tí ilé-ìkẹ́rùsí ìjọba kan ní Ọ̀jọ́ ń san owó aláàbọ̀ ara fún lóṣooṣù.

Ẹ kí i kú ẹ̀yìn. Akọ òpó tí ìjì ò lè wó! Ọ̀gbẹ́ni Má-bẹ̀rẹ̀! Ẹni tí bàtà rẹ̀ bọ́, tí ó ní kí bàtà dìde wá bá òun!

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣubú ní tòótọ́. Ní ọdún 1988 ni àkàsọ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tí ó ti ń to páálí. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ó gan, dókítà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yìn náà kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀yìn fi gan. Ní oṣù kẹrin, ara yá. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin yìí kan náà ni owó aláàbọ̀ ara bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Ògúnlànà sì rò ó pé ìwà àìmoore gbáà ni kí ara ẹni yá lójú owó.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn bí ẹni tí ó gbé pákó mì. Owó náà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ ọn jù ni pé kò tún ní í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àgbà yòówù kí ó dé, ọwọ́ ni yóò nà sí i. Nígbà tí bàbá Àríkẹ́, ẹni ọgọ́rin ọdún, ti Ìkọ̀lé-Èkìtì wá kí wọn, Ògúnlànà dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ bàbá lọ́wọ́ bí gómìnà.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀yìn ni.”

“Kò burú, àna mi. Ọlọ́run yóò wò ó sàn.”

“Kí Ọlọ́run má ṣe kánjú,” ni Ògúnlànà wí nínú ikùn rẹ̀.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tán ni kọ́bọ̀ kan yí bọ́ sábẹ́ àga. Kí Àríkẹ́ tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ àga.

“Bàbá Lọ́lá! Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ yẹn?”

“Ti inú ilé yàtọ̀. Fa kọ́tìnnì yẹn dáadáa.”

Òfin owó náà ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìgbìmọ̀ kan yóò tún ara ẹni wò. Bí ara bá ti yá, olúwa rẹ̀ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò sì fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàn ni Kùdírátù ará Igbó-Elérin, opó tí ẹ̀rọ gé ìka mẹ́rin kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ilé-ìkẹ́rùsí kan náà. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń dúró de àyè.

Ògúnlànà ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n kàn fi òun sílẹ̀ síbi tí òun wà. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun sí ìpele kìíní, ìpele àwọn tí kò lè dá ohunkóhun ṣe, níbi tí owó ti jẹ́ ìlọ́po méjì títí ayé. Ó fi kún un pé: “Ẹ̀yìn mi ti di irin.”

Ọlátúnjí, akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí Ògúnlànà ti ra ẹran ìgbẹ́ fún lẹ́ẹ̀mejì ní Òkókómaikò, fà á sí kọ̀rọ̀.

“Bàbá, Olùdarí Àgbà nìkan ló lè fọwọ́ sí ìpele kìíní o. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yà wọlé lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó. Agbádá ni wọ́n máa ń wọ̀ ní Jímọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀wọ̀ ju oúnjẹ lọ.”

“Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, ni ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀jọ́. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Kùdírátù jókòó níwájú, ó fi gèlè bo ọwọ́ rẹ̀. Ògúnlànà fi ọ̀pá méjì wọlé, “pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́” sì gba gbogbo ilé kan.

Dókítà Florence Ọlátúndé, obìnrin ará Oǹdó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ju bírò sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mú un fún mi.”

“Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?”

“Ẹ gbìyànjú díẹ̀.”

Ògúnlànà mí kanlẹ̀. Ó tẹ orí síwájú ní ìwọ̀n ìka kan, ó sì ké bí ẹni tí ọ̀bẹ bà. Omi bọ́ lójú Kùdírátù pàápàá. Dókítà kọ̀wé díẹ̀, ó mú òǹtẹ̀, ó gbé e sókè. Ó ku díẹ̀ kí òǹtẹ̀ kan ìwé.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.

Agbádá ni ó kọ́kọ́ wọlé, agbádá funfun gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí apá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Fìlà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni a tó rí ọkùnrin tí ó wọ̀ wọ́n.

Ara Ògúnlànà kò dúró gba àṣẹ. Ara tí ìyá rẹ̀ fi pàṣán kọ́ ní Ìlarò láti kékeré kò mọ̀wé dókítà kà. Ọ̀pá méjèèjì fò lọ. Gbàà! Àyà kan ilẹ̀, imú kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà tààrà lẹ́yìn.

“Ẹ kú àbọ̀, sà! Ẹ̀mí yín á gùn, sà! Ìpele kìíní náà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà!” Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, kí ọ̀wọ̀ lè pé.

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. “Háà, bàbá! Ẹ dìde, ẹ má kó bá mi o! Joseph ni mí, dírẹ́bà Dókítà. Ìkómọ àbúrò mi ni mò ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni mo wá fún wọn.”

Ògúnlànà fò dìde. Ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ mú ìkejì. Nígbà tí ó mú ìkejì tán ni ó tó rántí ara rẹ̀.

“Mo... mo ṣubú ni.”

“Ẹ ṣubú, ẹ wá ń kí ènìyàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀?” ni Kùdírátù bèèrè.

Ẹ̀rín bú. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé: “Irin ti tẹ̀ o!” Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tí ó ráyè sọ̀rọ̀, ó ní:

“Bàbá, ogún ọdún ni mo ti ń ṣe dókítà. N kò tíì rí ẹ̀yìn tí ó yá tó báyìí rí.” Ó gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀, ó sì nawọ́ sí ìwé mìíràn. “Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ fi gèlè bo ọwọ́, ẹ súnmọ́ ibí.”

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 1991, Kùdírátù gba owó aláàbọ̀ ara rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Gabriel Àyìndé Ògúnlànà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ìkẹ́rùsí, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru ogójì àpò ìrẹsì kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.