Ẹwìrì Ògúnkọ̀yà àti Imú Àbẹ̀bí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, “A kì í fi ẹwìrì fọn ikun ọmọ”? Ẹ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ni, ẹ̀rín ì bá ti pa yín kí n tó pa ẹnu dé. Ẹ sún mọ́ mi.

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní ìlú Òkè-Ìrosùn, Ògúnkọ̀yà ni orúkọ rẹ̀. Apá ọkùnrin náà tó itan ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò lè tún ṣe, ìyẹn bó bá jẹ́ irin. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni òun àti Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí Àbẹ̀bí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́; bí ọmọ bá yán lásán, á sáré bèèrè pé kí ló dé. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó na ọwọ́ kí wọ́n gbé ọmọ fún òun, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì gbé ọmọ náà sẹ́yìn lójú gbogbo ẹbí. “Rọra o, àna mi,” ni ìyá wí, “irin kọ́ nìyí.” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ògúnkọ̀yà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú rẹ̀.

Nígbà tí Àbẹ̀bí pé oṣù mẹ́ta, ọyẹ́ dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, imú ọmọ dí pátápátá. Bó bá gbá ọmú mú, kò ní lè mí. Á ju ọmú sílẹ̀, á fi igbe ta. Á tún gbá a mú, á tún jù ú sílẹ̀. Oòrùn ti yọ, ọmọ kò tíì mu tó ẹnu méjì.

Àwọn ìyá a máa fi ẹnu fa ikun ọmọ nígbà náà, ṣùgbọ́n òfìnkìn ń da Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ láàmú, kò sì fẹ́ kó ran ọmọ. Ó ní, “Baba Àbẹ̀bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi pe Ìyá wá.”

“Ìyá kẹ̀?” Ara Ògúnkọ̀yà ti gbóná. “Imú tí kò ju hóró àgbàdo méjì lọ ni màá tìtorí rẹ̀ lọ pe Ìyá? Èmi tí irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Dúró dè mí.”

Ó sáré lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ẹ gbọ́ bó ṣe rò ó o. Bí eérú bá dí ojú ihò, atẹ́gùn ni òun fi ń ṣí i. Imú ọmọ, ihò ni. Ikun, ohun tó dí ihò ni. Kí ló tún kù? Ó gbé ẹwìrì ńlá tó fi ń fẹ́ná kọ́ èjìká, ó wọlé dé.

Àyọ̀ká wo ẹwìrì, ó wo imú ọmọ, ó tún wo ẹwìrì. Ó kọ́kọ́ pọn ọmọ, ó so ọ̀já le dáadáa, kó tó la ẹnu. “Ó dáa, Baba Àbẹ̀bí. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú imú tiyín ná.”

“Ṣé o rò pé ẹ̀rù ń bà mí ni?”

Ògúnkọ̀yà jókòó lẹ́bàá ààrò, ó ki ẹnu ẹwìrì bọ ihò imú rẹ̀, ó tì í títí tó fi há. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni Àyọ̀ká gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó forí lé ilé ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin náà tẹ ẹwìrì. Àṣé eérú àná ṣì kún inú rẹ̀! Eérú gba imú gòkè lọ kí ọpọlọ. Ògúnkọ̀yà sín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ta, ó gbá àtẹ ata gbígbẹ tí Àyọ̀ká sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, gbogbo ata sì dà sínú iná. Ẹ̀yin náà mọ èéfín ata. Ó tún sín. Bó bá sín, àpò ẹwìrì á wú. Bí àpò bá ti wú tán, á dá gbogbo rẹ̀ padà fún un.

Èéfín gba gbogbo agbo ilé. Baálé, tí kì í yára rìn nítorí ipò rẹ̀, sáré jáde láìdé fìlà. Ewúrẹ́ sín. Adìẹ, tí n kò gbọ́ pé ó sín rí, sín. Ẹnì kan ké pé iná ti mú ilé Ògúnkọ̀yà, ni wọ́n bá rọ́ wọlé, wọ́n da ìkòkò omi mẹ́ta lu ààrò àti baba ọmọ pọ̀.

Bó ṣe sáré jáde pẹ̀lú ẹwìrì nímú nìyẹn, tí ó sì bá ìyá ìyàwó rẹ̀ pàdé ní ojúde. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí wàhálà tó ń dá ọmọ tí a kọ́ dúró kó má kí àna rẹ̀. Ògúnkọ̀yà na gbalaja sílẹ̀, lórí ẹwìrì.

“Ẹ káàárọ̀, Ì—” Fùùù! “Háàtísìn!”

Ìkíni náà kò pé, ó sì mọ̀ pé kò pé. Ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ìy—” Fùùù!

“Dìde!” ni ìyá ké. “Mo ti jẹ́ ẹ! Àna mi, mo ní mo ti jẹ́ ẹ!”

Àdín ni wọ́n fi pa ihò imú rẹ̀ kí ẹwìrì tó yọ. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn mú. Láàárín ẹ̀rín náà ni Ògúnkọ̀yà gbọ́ ohùn Àbẹ̀bí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹkún náà kò le bíi ti àárọ̀ mọ́. Ó ti rẹ ọmọ. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé ó gbàgbé ìtìjú. “Ìyá,” ni ó wí, “ẹ gbà mí. Kò tíì jẹun.”

Ìyá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kúrò níbi èéfín, ó bu omi tó ti hó tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi iyọ̀ bíńtín sí i, ó tọ́ ọ wò. “Kó rí bí omijé lẹ́nu,” ni ó wí, “kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó rẹ òwú tó mọ́ sínú rẹ̀, ó gbé orí ọmọ sókè díẹ̀, ó kán ẹ̀kán méjì sí ihò imú ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ó káwọ́ gbera.

“Kí lẹ ń dúró dè?” ni Ògúnkọ̀yà bi í.

“Kó rọ̀. Ohun tó ti gbẹ, bí o bá fagbára fà á, imú á wú, ọ̀ràn á di méjì.”

Láìpẹ́, Àbẹ̀bí sín ṣín-ín. Ikun yọ sí ojú imú, ìyá fi aṣọ tó rọ̀ nù ún kúrò. Kò ki nǹkan kan bọ inú ihò náà. Ó wá na òwú sí Ògúnkọ̀yà. “Tòsì ń bẹ níbẹ̀, ìwọ ni yóò ṣe é.”

Ó fi ọwọ́ tó ń gbé òòlù láti àárọ̀ dalẹ́ gba òwú náà. Ó kán ẹyọ kan. Ó mí. Ó kán èkejì. Ó dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọmọ sín, ó nù ún. Àyọ̀ká gbé e sí ọmú, Àbẹ̀bí sì gbá a mú, kò jù ú sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ògúnkọ̀yà bú sẹ́kún, ó ní ata ni.

“Àna mi,” ni ìyá wí, ó fi ọwọ́ lé e léjìká, “gbogbo irin ayé yìí, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹwìrì fọn ikun ọmọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá,” ni Ògúnkọ̀yà dáhùn, imú rẹ̀ tóbi bí ìgbá. “Ti baba ọmọ náà, a kì í fi fọn ọ́n.”