Ewúrẹ́ Tó Jẹ Ọgbà Afárá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, kí ló kan ewúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ odò, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Bí o bá sọdá odò tí aṣọ rẹ kò tutù, dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́"? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ní ìlú Etídò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lágbàyí, iṣẹ́ afárá olókùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ta okùn láti ara igi ńlá kan létí odò dé ara èkejì ní òdìkejì, ó sì tẹ́ pákó sí i. Afárá náà dára, àmọ́ ẹ̀rù omi ń ba Baálẹ̀ Ògúnṣakin. Ó rákòrò sọdá lójú gbogbo ìlú.

"Lágbàyí," ó ní, "fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ojú má rí omi."

Lágbàyí ṣe é. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àkọ́rọ̀ dé, ó gbá ọgbà náà mú bí ẹni gbá olè mú, ó sì dojú afárá dé. Iṣu Baálẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ihò inú ọgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé," Baálẹ̀ wí. "Dí i pa."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó dí i pa. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ gbé afárá lọ, ó sì fa igi kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, torí Àwẹ̀ró, ìyàwó Baálẹ̀, lóyún lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, òdìkejì odò sì ni Ìyá Dúró agbẹ̀bí ń gbé. Lágbàyí fi imọ̀ tútù dí ọgbà náà ní ìlọ́po mẹ́ta. Bó ṣe ń nu òógùn báyìí, ewúrẹ́ Ìyá Dúró gun orí afárá. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti jẹ imọ̀ náà tán, okùn àti pákó nìkan ló kù.

"Ẹ so ó mọ́lẹ̀," Baálẹ̀ wí. "Òun ni a ó fi ṣe ìkómọ."

Wọn ò tíì rí imọ̀ mìíràn gé tí Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ dé. Ìyá Dúró sì ti wà láàárín afárá. Lágbàyí ká ọwọ́ lérí. Baálẹ̀ dijú.

Afẹ́fẹ́ wá ohun tí yóò dì mú, kò rí i. Ó gba àárín okùn kọjá bí omi ṣe ń gba inú ajọ̀. Afárá mì díẹ̀, ó dúró. Ìyá Dúró gúnlẹ̀, gèlè rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí.

"Ta ló so ewúrẹ́ mi mọ́lẹ̀?" ó bèèrè.

Baálẹ̀ yára nawọ́ sí ilé tí Àwẹ̀ró wà.

Àwẹ̀ró bí obìnrin, tìyá tọmọ wà láyọ̀. Baálẹ̀ jáde pẹ̀lú omi lójú, ó tú okùn ọrùn ewúrẹ́ náà, ó sì ṣí fìlà fún un.

"Ẹ ṣeun, Mà," ó wí fún ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ náà wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fìlà.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́," Baálẹ̀ wí. "Ó mọ ohun tí kò yẹ kó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà."

Àgùntàn ni wọ́n pa níbi ìkómọ. Láti ọjọ́ náà, Lágbàyí ló ń fa Baálẹ̀ lọ́wọ́ sọdá, Baálẹ̀ á dijú pinpin, á sì máa wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lórí afárá pé: bí o bá sọdá odò tí aṣọ rẹ kò tutù, dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́.