Ìka Gàfárù àti Eyín Tíṣà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Oyèwùmí lánàá, ẹjọ́ àgbàlagbà tó gé ìka àna rẹ̀ jẹ nítorí ìwé ìtàn.

Olùjẹ́jọ́ ni Tíṣà Oyèdìran ará Ìlobù, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọjọ́ pẹ́ tó fi ìwé yẹn kọ́ ọmọ ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìntì: ìtàn àwọn ọmọdé tí omíyalé ká mọ́ orí òkè láìsí àgbà kankan lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n di ẹhànnà, tí wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe. Lọ́dọọdún ló máa ń sọ ní kíláàsì pé ká ní àgbà kan wà níbẹ̀ ni, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀. Lánàá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tí wọ́n mú níbi tó ti ń jalè.

Gàfárù ará Ìfọ́n, ìlú tó múlé ti Ìlobù tí wọ́n sì jọ ń du ilẹ̀, àbúrò ìyàwó Tíṣà tó kú, na ìka tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè.

"Kábíyèsí, à ń pín ẹrù ẹ̀gbọ́n mi, Mọ́ríátù. Wọn kò bímọ. Nínú àṣà wa, àwa àbúrò la ni ẹrù wọn. A kó aṣọ, a kó ìkòkò, Tíṣà kò wí nǹkan kan. Àfi bí mo ṣe mú ìwé báyìí, wọ́n gé mi jẹ!"

Baálẹ̀ béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ gé e jẹ?"

"Rárá o. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ìwé, mo kàn ní kí n fi ẹnu bá a yọ ìka rẹ̀ kúrò ni. Eyín náà kì í tilẹ̀ ṣe tèmi. Dókítà kan ní Òṣogbo ló ṣe é."

Ìjòyè kan béèrè pé, "Ṣé ká lọ mú dókítà wá ni?"

Wọ́n pe Azeezat, aránṣọ tó múlé ti Tíṣà.

"Ojú mi ló ṣe, sà. Tíṣà kò la ẹnu rárá."

Baálẹ̀ ní, "Ta ló wá ń pariwo tí gbogbo àdúgbò gbọ́ pé 'Ìlobù kò ní fi sílẹ̀'?"

"Tíṣà ni, sà."

"Pẹ̀lú ẹnu pípadé?"

"Wọ́n là á díẹ̀, sà."

Múdàṣírù bíríkìlà fò dìde. "Irọ́ ni! Èmi rí eyín tó já bọ́, tí ìka Gàfárù wà nínú rẹ̀, tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀!"

"Èwo wá lèyí tó wà nínú báńdéèjì?"

Múdàṣírù yíjú sí aránṣọ náà. "Àbí Azeezat ti bá wọn rán an padà?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú ìwé wá. Ó ti ya sí méjì. Ọwọ́ Tíṣà ni ìdajì tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré wà, ọwọ́ Gàfárù ni ìdajì tí wọ́n ti di ẹhànnà.

Gàfárù kígbe pé, "Ẹ ò rí i! Ìlobù ló tún mú ibi tó dáa!"

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi ìwé tẹ́ ẹ ti mọ̀ sórí ṣe?"

Tíṣà fọwọ́ ra ìdajì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwé kọ́, Kábíyèsí. Mọ́ríátù máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí etí ojú ewé. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́."

Baálẹ̀ wọ awò ojú, ó gba ìdajì Gàfárù, ó ṣí i síbi tí àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ gé ara wọn jẹ. Ó ka ohun tí olóògbé kọ sí etí rẹ̀ sókè:

"'Ọkọ mi ní àgbà kò lè ṣe báyìí. Mo ń wò ó.'"

Gàfárù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́yìn.

Baálẹ̀ wá dájọ́: "Kí oníkálukú mú ìdajì tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo Sátidé, ẹ ó jọ kà á fún àwọn ọmọ, Ìlobù lọ́sẹ̀ yìí, Ìfọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tíṣà ni yóò máa ṣí ewé fún Gàfárù títí ìka yóò fi jinná. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti di ẹhànnà, ẹ tú báńdéèjì, ẹ fi hàn wọ́n. Bí ọmọ kan bá béèrè pé níbo ni àgbà wà, kí Tíṣà nawọ́ sókè."

"Eyín ńkọ́, Kábíyèsí?" Azeezat ló béèrè.

"Wọn kò gbọdọ̀ gbé e wọ Ìfọ́n."

Tíṣà yọ eyín níbẹ̀, ó dì í sínú ańkáṣíìfù, ó sì na ọwọ́ sí Gàfárù pé kó fa òun dìde.